Ọkọ̀ Tí Kò Ní Táyà

Káàdì tí Ìyá mú wá

Ìyá àgbà kan wà nínú kíláàsì wa ní Tápà. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà lọ́jà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Nísinsin yìí ó ń kàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Ìyá tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú káàdì kan jáde. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ṣọdún Kérésì. Àwòrán wà lójú káàdì náà. Ilẹ̀ funfun báláú. Orí igi funfun, orí òrùlé funfun. Ẹṣin ńlá méjì ń fa ohun kan tó dà bí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ènìyàn jókòó sínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tó nípọn bora dé àyà. Ṣùgbọ́n ohun náà kò ní táyà kankan. Igi gígùn méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá yí ẹ̀yìn káàdì náà padà. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ: "Ìyá mi, a gun èyí ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin náà yóò gùn ún tí ẹ bá dé."

Nígbà tó kà á tán, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyà ò jẹ ọmọ mi báyìí? Ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ní mọ́tò pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà, ẹṣin ni wọ́n tún ń fi fa ọmọ mi kiri? Táyà ọkọ̀ náà dà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ lóyún, oṣù February ni wọ́n ń retí ọmọ. Wọ́n fẹ́ kí Ìyá wá bá wọn wẹ ọmọ. Páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ti jáde, físà náà ti jáde. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí káàdì yìí ti dé, ó ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé òun kò lọ mọ́.

A kò fẹ́ dá Ìyá lóhùn lásán. A ní kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. A wo inú ìwé, a sì bi àwọn tó ti gbé ilẹ̀ òtútù rí léèrè. Àwa náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ òjò dídì rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀wé kà lè rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ohun tí a rí ni a kọ síhìn-ín.

Kí ni òjò dídì?

Gbogbo wa ló mọ yìnyín. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, yìnyín a máa bá a rọ̀ nígbà mìíràn, a máa ró pá-pá-pá lórí páànù, àwọn ọmọdé a sì máa sáré ṣa á. Yìnyín le bí òkúta. Òjò dídì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ òtútù, omi inú àwọsánmà kì í sábà di ẹ̀kán òjò ní ìgbà òtútù. Ó ń di wóró yìnyín kéékèèké tó fẹ́lẹ́. Àwọn wóró náà ń so mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí òwú àràbà ṣe ń bọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò ní ariwo. Ènìyàn lè sùn lálẹ́, kí ilẹ̀ dúdú. Kó jí láàárọ̀, kó rí i pé gbogbo ìlú ti funfun. Ohun náà ni Bíbélì Yorùbá ń pè ní òjò dídì.

Báwo ni ó ṣe tutù tó? Irin-iṣẹ́ kan wà tí a fi ń wọn ooru àti òtútù. Dígíríì ni a fi ń kà á. Òdo ni ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ní àárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú gan-an ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí a ń yáná, tí ètè wa ń là, ìwọ̀n náà kì í sábà sọ̀kalẹ̀ ju nǹkan bíi dígíríì 15. Ní Ottawa, tí í ṣe olú-ìlú Kánádà, ní òru oṣù January, ó sábà máa ń lọ sí nǹkan bíi dígíríì 14 nísàlẹ̀ òdo. Fìríìsà tí àwọn tó ń ta omi tútù ń lò máa ń wà ní nǹkan bíi dígíríì 18 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ rò ó wò! Ìta wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù tó inú fìríìsà. Nítorí náà ni òjò dídì tó bọ́ ní December ṣe lè wà nílẹ̀ títí di March láìyọ́.

Kí ló dé tí kò fi ní táyà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà oko tiwa nígbà òjò. Ọkọ̀ tó kó pákí ti rì sínú ẹrẹ̀. Kí ni dírẹ́bà yóò ṣe? Yóò wá pákó, yóò ki pákó náà sábẹ́ táyà. Nítorí kí ni? Nítorí pé ojú ibi tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Gbogbo ẹrù ọkọ̀ wà lórí ibi kékeré yẹn, ó sì di dandan kí ó rì. Ṣùgbọ́n pákó gùn, ó pín ẹrù náà sórí ilẹ̀ tó gbòòrò. Ilẹ̀ náà á wá lè gbé e.

Òjò dídì rọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ. Táyà ọkọ̀ ẹṣin a máa rì sínú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ará ilẹ̀ òtútù ṣe yọ táyà kúrò, tí wọ́n sì fi igi gígùn méjì rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Orí igi náà tẹ̀ sókè níwájú, kó má baà gún òjò dídì lójú. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo ìsàlẹ̀ igi náà. Irin yìí a máa dán, nítorí pé òjò dídì ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ojú òjò dídì máa ń ní omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò rí. Bí irin ṣe ń fara kan òjò dídì, ooru díẹ̀ ń jáde, omi náà sì ń pọ̀ sí i. Omi yìí ló ń ṣe iṣẹ́ epo láàárín irin àti òjò dídì. Bí ọkọ̀ náà bá ti lè gbéra, a máa yọ́ lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ẹrù tí ẹṣin kò lè fà nínú ẹrẹ̀, a máa fà á lórí òjò dídì tó ti le. Ìgbà òtútù ni àwọn agégẹdú Kánádà àti Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ máa ń kó gẹdú jáde láti inú igbó. Sléì ni òyìnbó ń pe ọkọ̀ náà.

Nígbà tí a ṣàlàyé dé ibí yìí, bàbá àgbẹ̀ kan nínú kíláàsì na ọwọ́ sókè. Ó ní: "Ẹ̀yin ará, ṣé kì í ṣe imọ̀ ọ̀pẹ nìyẹn?" Gbogbo wa sì rántí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹnì kan yóò jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, ẹlòmíràn yóò di etí rẹ̀ mú, yóò sì máa fà á lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ kò ní táyà, síbẹ̀ ó ń lọ. Bàbá yìí ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣàlàyé ohun tí a fi odindi wákàtí kan sọ.

Ẹṣin tí ń fà á

Ẹṣin tí ń fa ọkọ̀ yìí kì í ṣe irú ẹṣin tí a ń rí lọ́jọ́ ìléyá. Ẹṣin ńlá ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Percheron, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Àwọn kan ń jẹ́ Clydesdale, ilẹ̀ Skọ́tílándì ni tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn lè wọn kílò 700 sí 900. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹṣin kan tó àpò sìmẹ́ǹtì 14 sí 18.

Kánádà tún ní ẹṣin tirẹ̀. Ní 1665 ni Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹṣin ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó ń gbé Québec. Oúnjẹ kò pọ̀ níbẹ̀, òtútù sì pọ̀. Èyí tó lera nínú wọn ló kù, ọmọ wọn sì lera bíi tiwọn. Wọn kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára. Ní 2002, ìjọba Kánádà ṣe òfin tó sọ irú ẹṣin yìí di ẹṣin orílẹ̀-èdè wọn.

Bí òtútù bá ti ń súnmọ́, irun ara ẹṣin á hù jáde, á nípọn, á sì di aṣọ fún un. Bàtà irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín ṣóńṣó tó ń gún yìnyín, kó má baà yọ̀ ṣubú. Bó bá ṣiṣẹ́ tó làágùn, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi aṣọ bò ó, kí òtútù má mú un.

Ìyá bi wá pé: "Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ náà kò ní gbá ẹṣin lẹ́yìn?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí kò ní bíréèkì. Wọ́n so ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, wọ́n sì fi awọ tó gbòòrò gba ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ sáré jù, ẹṣin a fi ìdí ti awọ náà, a sì dá ọkọ̀ dúró. Ẹṣin ni ẹ́ńjìnnì, ẹṣin náà ni bíréèkì.

Kí ni agogo wà fún?

Ní ọdún Kérésì, àwọn ọmọ iléèwé wa a máa kọ orin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Jingle Bells. Ọdún pípẹ́ ni àwa náà fi kọ́ àwọn ọmọ ní orin yìí, láìmọ̀ pé lórí irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n kọ ọ́. Ará Amẹ́ríkà kan, James Pierpont, ló kọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1857.

Agogo inú orin náà kì í ṣe fún ijó. Òjò dídì a máa gbé ìró mì. Ẹsẹ̀ ẹṣin kì í dún lórí rẹ̀, igi abẹ́ ọkọ̀ kì í dún. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè má mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ọkọ̀ náà kò sì lè dúró lójijì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so agogo mọ́ ọrùn ẹṣin. Ní àwọn ibì kan, òfin ló sọ ọ́ di dandan. Ohun tí fèrè mọ́tò ń ṣe lónìí ni agogo náà ń ṣe nígbà náà.

Ìgbà òtútù ni ìgbà ìrìn-àjò

Ẹ lè rò pé inú ilé ni àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń jókòó sí nígbà náà. Láyé àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò dídì bá yọ́, ọ̀nà wọn a di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú, ẹrẹ̀ á le, odò á di yìnyín, odò á sì di ọ̀nà. Ìgbà náà ni wọ́n ń bẹ àwọn ará wọn wò, tí wọ́n ń kó ọjà lọ sí ìlú, tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó.

Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kó òjò dídì kúrò lójú títì kí mọ́tò lè kọjá. Láyé ọkọ̀ ẹṣin, wọn kì í kó o kúrò. Wọ́n a máa fi igi róbótó ńlá tí ẹṣin ń fà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le. Wọ́n tilẹ̀ ní afárá onígi tó ní òrùlé. Òjò dídì kì í dé inú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n a máa ṣa òjò dídì wá dà sínú afárá, kí ọkọ̀ lè rí ibi yọ́ gbà.

Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà òjò, odò Ọ̀fíkì àti odò Ògùn a máa kún, ọ̀nà oko a máa bàjẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, odò á fà, ọ̀nà á gbẹ, ìrìn-àjò á rọrùn. Ní December 1825, òyìnbó kan, Hugh Clapperton, àti Richard Lander tó ń bá a ṣiṣẹ́, gbéra ní Àgbádárìgì. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n rìn. Ní January 1826 wọ́n dé Ọ̀yọ́ Ilé. Síbẹ̀, ìrìn náà kò rọrùn: àìsàn pa àwọn kan nínú àwọn òyìnbó tó bá wọn gbéra kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́.

Ẹṣin ní ilẹ̀ tiwa

Ẹnì kan nínú kíláàsì bi wá pé: "Àwa náà ṣáà ní ẹṣin. Kí ló dé tí tiwa kò fi fa ọkọ̀?"

Òótọ́ ni. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jagun, ó sì fi ẹṣin di ìlú ńlá. Láti apá òkè ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wọn, lọ́wọ́ àwọn Hausa àti àwọn Núpé. Àwọn Núpé yìí ni Yorùbá ń pè ní Tápà, orúkọ kan náà tí ìlú wa ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ igbó, ẹṣin a máa dínkù. Eṣinṣin kan ló fà á. Tsetse ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó ń gbé inú igbó àti etí odò, ẹ̀jẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá jẹ ẹṣin, ó lè fi kòkòrò tí ojú lásán kò rí sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin náà á máa rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gbẹ, títí yóò fi kú. Eṣinṣin yìí kan náà ló ń fa àrùn tó ń mú ènìyàn sùn ṣáá.

Ẹ wo iṣẹ́ tí eṣinṣin kékeré ṣe! Nítorí rẹ̀, ẹran tó lè fa ọkọ̀ kò pẹ́ láyé ní igbó. Orí ni àwọn bàbá ńlá wa fi ru ẹrù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí mọ́tò sì tẹ̀ lé e, a kúrò lórí ẹrù rírù, a bọ́ sí ẹ́ńjìnnì. A kò gba ti ọkọ̀ ẹṣin kọjá. Kì í ṣe pé ọgbọ́n wa kò tó. Ilẹ̀ kálukú ló ń kọ́ ọ ní ọ̀nà tí yóò gbà rìn.

Ọmọ tí kò dé ọsibítù

Ọkọ̀ ẹṣin kò lè ṣe ohun gbogbo. Ní 1934, ní ìlú Valcourt ní Québec, mẹ́káníìkì kan wà tó ń jẹ́ Joseph-Armand Bombardier. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, ṣàìsàn inú tó le. Òjò dídì ti dí gbogbo ọ̀nà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé ọmọ náà dé ọsibítù lákòókò. Ọmọ náà kú.

Bombardier ti ń ronú tipẹ́ lórí ọkọ̀ tí yóò fi ẹ́ńjìnnì rìn lórí òjò dídì. Lẹ́yìn ikú ọmọ yìí, kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà sú òun. Ó fi igi pẹlẹbẹ méjì síwájú ọkọ̀, bíi ti sléì. Ó fi bẹ́líìtì ńlá tí ń yí sẹ́yìn. Ní 1937 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó tà ń gbé ènìyàn méje. Àwọn dókítà àti àwọn tó ń kó lẹ́tà wà lára àwọn tó rà á.

Kíláàsì dákẹ́ nígbà tí a ka ibí yìí. Kò sí ẹni tí kò mọ irú rẹ̀ nínú wa. Ẹ̀rọ Bombardier kò ní wúlò ní Tápà, ṣùgbọ́n aboyún tí ọ̀kadà gbé nínú ẹrẹ̀ lóru láti abà wá sí ìlú, a mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kì í ṣe fún ọjà nìkan. Ẹ̀mí ń gba ojú ọ̀nà kọjá. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá pe ipàdé lórí ọ̀nà abà, ẹ má jókòó sílé.

Lónìí, eré ni

Nísinsin yìí, mọ́tò ni àwọn ará Kánádà ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ ẹṣin orí òjò dídì ti di ohun ìgbádùn. Àwọn àlejò a máa sanwó gùn ún. Ní Lake Louise, láàárín àwọn òkè gíga ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ẹṣin a máa fa àwọn ènìyàn lọ létí adágún omi tó ti di yìnyín. Ó dà bí ẹṣin tí a ń rí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹni tó gun ẹṣin lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹni tí kò ní mọ́tò nílé!

Nígbà tí Ìyá gbọ́ èyí, ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní: "Eré ni wọ́n ń ṣe? Àní ìyà ò jẹ ẹ́?" A ní: "Ìyà ò jẹ ẹ́, Ìyá. Owó ni ó san."

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan ní ó yẹ kí a ro ti ẹṣin pẹ̀lú. Ìlú Montréal gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fi òfin dá ọkọ̀ ẹṣin dúró láàárín ìgboro; láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni òfin náà ti múlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun ọkọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ wo ẹṣin: ṣé ó sanra, ṣé kò ní egbò níbi tí awọ ti ń ha á?

Bí a ṣe ń múra de òtútù

Ìmọ̀ràn wọ̀nyí wà fún Ìyá, àti fún ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ ní ilẹ̀ òtútù.

Aṣọ púpọ̀ tó fẹ́lẹ́ sàn ju aṣọ kan tó nípọn lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ló ń mú ara gbóná.

Ẹ bo orí, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó tutù nítorí omi kò dára. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá.

Ẹni tó ń rìn gbóná ju ẹni tó jókòó lọ. Nínú ọkọ̀ ẹṣin, jíjókòó ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi aṣọ bora.

Bí ìka, etí tàbí imú bá kú tipiri, tí kò mọ nǹkan lára mọ́, òtútù ti ń jẹ ẹran ara níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má gbé e súnmọ́ iná. Ẹ wọlé, ẹ rẹ ibẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ẹ má tẹ yìnyín orí odò láìjẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ní kò séwu. Yìnyín tó fẹ́lẹ́ a máa fọ́, omi abẹ́ rẹ̀ a sì máa pa ènìyàn.

Inú ilé wọn gbóná. Ìkókó kì í ríyà nínú ilé. Ọmọ tí Ìyá fẹ́ wẹ̀, omi gbígbóná wà fún un tọ̀sán-tòru.

Lẹ́tà Ìyá

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, Ìyá ní òun fẹ́ kọ lẹ́tà. Kò jẹ́ kí a bá òun kọ ọ́. Ó lo ìrọ̀lẹ́ méjì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ fi fóònù ya lẹ́tà náà, ó sì fi ránṣẹ́. Ohun tó kọ nìyí: "Ọmọ mi, mo rí káàdì. Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣé ẹ̀wù òtútù mi ti wà? Ṣé ọkọ̀ náà kì í gba orí odò? Ṣé ẹṣin náà ń jẹun dáadáa? Mò ń bọ̀. Èmi ìyá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́."

Ọmọ náà pè lálẹ́ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò gba lẹ́tà láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ rí.

Ìyá ti lọ. Ọmọbìnrin ni wọ́n bí. Ó ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí kíláàsì wa. Ó wọ ẹ̀wù tó nípọn bí ẹní, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òjò dídì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A bi í bóyá ó ti gun ọkọ̀ tí kò ní táyà. Ó ní òun ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, kí ẹṣin dúró de òun ná.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín yìnyín àti òjò dídì?
2. Kí ló dé tí táyà fi ń rì sínú ẹrẹ̀, tí pákó kì í rì?
3. Kí ni iṣẹ́ agogo lọ́rùn ẹṣin?
4. Kí ló dé tí ẹṣin kò fi pọ̀ ní ilẹ̀ igbó wa?
5. Ọ̀nà wo ló ń bàjẹ́ ní àdúgbò yín nígbà òjò? Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún nípa rẹ̀ sínú ìwé yín.
6. Ṣé ẹ ní ọmọ tàbí ará kan lókèèrè? Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà sí i.